Mẹ́ta ni waltz, mẹ́ta ni mazurka: kí ló wá yà wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Mò ń kọ́ mazurka kan lọ́wọ́, orin ijó ilẹ̀ Pólándì tí Chopin kọ fún dùùrù, Op. 7 nọ́ńbà 1 (Op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ olórin). Mo tẹ gbogbo nóòtì rẹ̀ pé, àmọ́ olùkọ́ mi ní waltz ni mò ń tẹ̀. Mo kà á títí, mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn méjèèjì. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ibì kan tún wà láàárín orin náà tí ọwọ́ òsì kàn ń tẹ nóòtì méjì kan náà ṣáá, tí kò bá ọwọ́ ọ̀tún mu rárá. Ṣé ìwé ló ṣì í? Wọ́n tún ní orin abúlé ni Chopin kàn kó jọ, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èwo ni kí n kọ́ tẹ̀ lé e?

Ìdáhùn: O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Olùkọ́ rẹ gbọ́ ọ dáadáa, kò sì fẹ̀sùn èké kàn ọ́.

Ẹni tó bá ti tẹ waltz mélòó kan rí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ kan ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an: nóòtì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkíní wúwo, kí méjì tó kù fúyẹ́. Bí Chopin ṣe kọ ọwọ́ òsì mazurka sílẹ̀ jọ ìyẹn gan-an lójú ìwé, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ fi ṣe ohun tó ti mọ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ oníjó waltz máa ń rọ̀ sílẹ̀ lórí ìkíní ni, á wá yọ́ lọ lórí ìkejì àti ìkẹta. Nínú mazurka, ìkíní kì í sábà gba ìwúwo. Orí ìkejì tàbí ìkẹta ni ìwúwo máa ń bọ́ sí, kì í sì í jókòó síbì kan: báà yìí, ìyẹn ìpín kan tó ní ìlù mẹ́ta, lè fi í sórí ìkẹta, kí báà tó tẹ̀ lé e gbé e sórí ìkejì.

Gbìyànjú rẹ̀ lórí tábìlì kí o tó padà sídìí dùùrù. Pàtẹ́wọ́ kúkúrú méjì, kí o fi gígùn méjì tẹ̀ lé e: tà-tà, táá, táá. Ìkíní ti pín sí méjì, ìkejì àti ìkẹta sì dúró gbọọrọ. Ìkíní tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ kò lè gbé nǹkan kan dúró. Ńṣe ló ń sáré lọ bá ìkejì, ìwúwo á sì bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé o fi agbára tì í. Wá wo ìwé orin rẹ dáadáa, wàá rí àmì kékeré kan tó là bí ẹnu ẹyẹ. Iye ìgbà tí Chopin fi í sórí ìkejì àti ìkẹta pọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fojú fò ó, torí wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ijó ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Mazowsze ni wọ́n ń pe agbègbè tó yí ìlú Warsaw ká ní Pólándì, ibẹ̀ ni ijó mazur ti wá, ijó tí ẹsẹ̀ ti ń kì mọ́lẹ̀, tí ìyára rẹ̀ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kujawy, tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ló ni kujawiak, tó máa ń falẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń gùn. Oberek ló yá jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ńṣe ni ọkùnrin àti obìnrin á dìmọ́ra, wọn á máa pòòyì yí ilé ijó ká. Fáyólíìnì ló máa ń ṣíwájú, basetla, ìyẹn baasì abúlé, á máa kùn nísàlẹ̀. Láwọn àdúgbò kan, dudy ni wọ́n ń fun, fèrè tí wọ́n so mọ́ àpò awọ, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í dákẹ́ títí orin á fi parí. Fi ohùn tí kì í dákẹ́ yẹn sọ́kàn, torí òun ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì.

Chopin kì í pín àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mazurka ló ń pe gbogbo wọn. Nínú ojú ìwé kan ṣoṣo, ó lè bẹ̀rẹ̀ bíi mazur, kó falẹ̀ di kujawiak, kó sì tú ká bí oberek kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé “ìyára wo ni mazurka ń lò?”, bi í pé apá wo nínú rẹ̀ ló ń sọ.

Ohun kan tún wà tí ìwé orin kò lè kọ sílẹ̀. Charles Hallé, ọmọ Jámánì tó wá di gbajúgbajà olùdarí orin ní Manchester lẹ́yìn náà, sọ fún Chopin pé bó ṣe ń tẹ mazurka, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń jọ létí òun, kì í ṣe mẹ́ta. Chopin ní irọ́ ni. Hallé ní kó máa tẹ̀ ẹ́, òun á máa kà á sókè. Ó ka mẹ́rin nínú báà kọ̀ọ̀kan, ó sì bára mu. Chopin bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí ijó ilẹ̀ àwọn ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti Giacomo Meyerbeer kò parí sí ẹ̀rín. Meyerbeer yìí, tí opera rẹ̀ ń gbayì ní Párísì, wọlé bá Chopin níbi tó ti ń kọ́ Wilhelm von Lenz ní mazurka C major tó wà nínú Op. 33, ó sì ní méjì-méjì ni orin náà. Chopin ní kí Lenz tún un tẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù lu ìlù rẹ̀, ó ń ka mẹ́ta sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Meyerbeer kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Lenz ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ó ní inú bí ọ̀gá òun gidigidi lọ́jọ́ náà.

Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Bí o bá na ìlù kan nínú mẹ́ta títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì, ẹni tó ń kà á á gbọ́ mẹ́rin. Bí o bá gé ìkẹta kúrú, á gbọ́ nǹkan tó jọ méjì. Chopin fúnra rẹ̀ ń gbọ́ mẹ́ta, torí ẹsẹ̀ oníjó ló wà lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe aago. Ẹsẹ̀ tó bá kì mọ́lẹ̀ gba àkókò díẹ̀ kó tó gbéra, orin sì gbọ́dọ̀ dúró dè é. Má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ rubato tí wọ́n ń sọ nípa Chopin, níbi tí ọwọ́ òsì ti ń pa àkókò mọ́ bí olùdarí kí ọwọ́ ọ̀tún lè ṣe bó ṣe fẹ́. Níhìn-ín, ọwọ́ méjèèjì ló jọ ń dúró, wọ́n á sì jọ gbéra.

Ó yá, ká lọ síbi tí o rò pé ìwé ṣì. Kò ṣì rárá. Ní apá yẹn, ọwọ́ òsì di G♭ àti D♭ mú, kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wá ń kọ orin mìíràn lókè wọn, èyí tó ń bá wọn jà. Fèrè alápò àti baasì abúlé ni Chopin ń ṣe níbẹ̀. Ohùn méjì tó jìnnà síra bíi dò àti sò, tí wọ́n dúró gbagidi nígbà tí fáyólíìnì ń rìn káàkiri lórí wọn: orin abúlé kò bìkítà bóyá wọ́n bára mu ní gbogbo ìgbà. Chopin kọ sotto voce síbẹ̀, ìyẹn ni pé kí o tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ohùn, kó dà bí ohun tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà níbẹ̀ kí ó lè mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n fẹsẹ̀ padà síbẹ̀. Jẹ́ kí ó dàrú; àríyànjiyàn ohùn yẹn ni orin náà.

O ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, o á mọ sọ́fà. Dò, rè, mí, fà, sò ni a mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin abúlé Pólándì, fà máa ń gòkè díẹ̀ di fe, á wá jẹ́ dò, rè, mí, fe, sò. Kọ ọ́ sókè báyìí, wàá gbọ́ bó ṣe ń ta létí. Lọ sí apá àárín Op. 68 nọ́ńbà 3. Ọwọ́ òsì ń tẹ B♭ àti F láìyẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń sáré lókè bí olófáyólíìnì tó ń lu oberek, E tó sì ń tẹ̀ kì í ṣe E♭ tí kíì B♭ yẹ kó fún un. Fe nìyẹn. Báà díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kó tó padà sí apá àkọ́kọ́ tó ń rìn tìyìtẹ̀yẹ. Ìgbà tí Chopin kò tíì kúrò ní Pólándì ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ńlá yẹn. Má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà Op. 67 àti 68 tàn ọ́. Iṣẹ́ ọ̀dọ́langba àti iṣẹ́ ìparí ayé rẹ̀ ló wà pọ̀ nínú wọn.

Mo fẹ́ kí o tún wo Op. 7 nọ́ńbà 5, kò gba ojú ìwé kan tán. Ní ìparí rẹ̀, Chopin kọ ọ́ pé kí o padà síbi àmì, senza fine, láìlópin. Kò kọ ibi tí wàá ti dúró. Ní abúlé, ìgbà tó bá rẹ oníjó tàbí tó bá sú olófáyólíìnì ni orin ń parí, kò sí báà ìkẹyìn kankan tí ẹnikẹ́ni fàlà sí. Àwọn kan máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, àwọn mìíràn máa ń dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán. Èmi fẹ́ràn kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kàn dáwọ́ dúró lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan ké pe olórin pé kó wá jẹun.

Ní ti pé orin abúlé ni Chopin kó jọ: rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Żelazowa Wola, abúlé kan ní Mazowsze, ni wọ́n bí i sí ní 1810, ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Warsaw, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Fáránsé, ti ń kọ́ni ní èdè Faransé. Ọmọ ìlú ńlá ni. Àkókò ìsinmi ló fi ń rí abúlé, pàápàá ní Szafarnia, níbi tó ti lo ìsinmi 1824 àti 1825. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó máa ń fi ìwé ìròyìn àwàdà ránṣẹ́ sílé, tí ó fi ọwọ́ kọ, tó pè ní Kurier Szafarski, ó sì yí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ po di Pichon. Nínú ọ̀kan lára wọn, ó ròyìn pé bí Pichon ṣe ń kọjá ní Nieszawa, ó gbọ́ ọmọbìnrin abúlé kan tó jókòó sórí ọgbà, tó ń fi gbogbo ohùn rẹ̀ kọrin. Ó fún un lówó kó tún un kọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ yarí, àmọ́ nígbà tó rí groszy mẹ́ta, ìyẹn owó ẹyọ Pólándì, ó kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Chopin nígbà náà.

Ó gbọ́ orin náà létí ara rẹ̀, ìyẹn dájú. Àmọ́ wo ohun tó ṣe ní 1828, nígbà tó fẹ́ lo orin tó ti wà nílẹ̀: ó kọ Op. 13 fún dùùrù àti ẹgbẹ́ olórin ńlá, ó sì kọ ọ́ sójú ìwé gbangba pé orin ilẹ̀ Pólándì ló fi ṣe é. Kò kọ irú rẹ̀ sórí mazurka. Kò sí èyí tí mo lè nawọ́ sí láàárín wọn pé odindi orin abúlé kan rèé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó mú ni ìlù, ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í dákẹ́, fe, àti àṣà sísọ gbólóhùn orin kan náà lásọtúnsọ. Èyí tó kù, orí tirẹ̀ ló ti wá. Wọ́n ń jó mazur nínú gbọ̀ngàn àwọn ọlọ́lá Warsaw pẹ̀lú, ó sì ń tẹ dùùrù fún wọn níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe abúlé nìkan ló kọ́ ọ. Nígbà tó dé Vienna, ní December 1830, ó kọ̀wé sílé pé àwọn mazurka òun kì í ṣe fún jíjó.

Oṣù kan ṣáájú ìwé yẹn ni ayé rẹ̀ yí padà. Ọjọ́ kejì oṣù November 1830 ló kúrò ní Warsaw. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ará ìlú rẹ̀ dìde sí ìjọba Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà sì ṣẹ́gun wọn ní 1831. Chopin kò fojú kan Pólándì mọ́ títí tó fi kú sí Párísì ní 1849. Orílẹ̀-èdè náà gan-an kò sí lórí máàpù láti 1795, nígbà tí Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria pín èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, títí di 1918. Robert Schumann, olórin ọmọ Jámánì, kọ ọ́ ní 1836 pé bí ọba alágbára tó wà ní àríwá, ìyẹn ọba Rọ́ṣíà, bá mọ ọ̀tá tó fara pa mọ́ sínú orin mazurka tó dà bí ohun yẹpẹrẹ wọ̀nyẹn, yóò fòfin de orin náà. Ó ní ìbọn ńlá tí wọ́n fi òdòdó bò ni iṣẹ́ Chopin. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú èèyàn, àmọ́ rántí pé mazurka ni orin orílẹ̀-èdè Pólándì títí dòní. 1797 ni Józef Wybicki kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Ítálì fún àwọn ọmọ ogun Pólándì tó wà níbẹ̀. Orí ijó yìí ni wọ́n ń dìde dúró ṣánṣán sí.

Má rò pé Chopin ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Maria Szymanowska, obìnrin kan tó ń tẹ dùùrù káàkiri Yúróòpù, ti tẹ mazurka mẹ́rìnlélógún jáde kí ti Chopin tó gbajúmọ̀. Wọ́n kúrú, wọ́n sì ṣeé jó ní tòótọ́. Lẹ́yìn Chopin, Scriabin ará Rọ́ṣíà fi mazurka bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, èmi kì í sì í pẹ́ nídìí wọn. Ẹni tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni Karol Szymanowski, ọmọ Pólándì. Ogún mazurka tó wà nínú Op. 50 rẹ̀, 1924 sí 1925, kì í ṣe àwòkọ Chopin. Ó lọ sí àwọn òkè Tatra, ní gúúsù Pólándì, níbi tí ijó àwọn ará òkè ti ń rìn ní méjì-méjì, ó mú fe wọn àti ohùn fáyólíìnì wọn tó le, ó sì kó wọn sínú mẹ́ta mazurka. Ó ń ta létí nígbà àkọ́kọ́. Irú iṣẹ́ yìí náà ni Akin Euba, ọmọ Èkó, ṣe fún ìlù Yorùbá lórí dùùrù nínú Scenes from Traditional Life ní 1970. Bí o bá rí ìwé rẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Szymanowski kí o wo bí àwọn méjèèjì ṣe sá fún àwòkọ lásán.

Padà sí Op. 7 nọ́ńbà 1 rẹ. Gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò fún ọjọ́ mélòó kan. Tẹ ọwọ́ òsì nìkan, kí metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, máa dún lẹ́ẹ̀kan péré nínú báà, kí o sì fi ìró yẹn ṣe ìkejì, kì í ṣe ìkíní. Á kọ́kọ́ nira, wàá máa ṣubú. Nígbà tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi ìró náà ṣe ìkẹta. Lẹ́yìn náà pa metronome, dìde, fi ẹsẹ̀ rìn ín nínú yàrá, kí o kì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí Chopin fi àmì sí. Kò sí ẹni tó lè jókòó kọ́ ìlù yìí tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi lé e: ìwúwo kì í ṣe ariwo. Nígbà mìíràn, dídúró díẹ̀ lórí kọ́ọ̀dù náà tó, láìfi agbára kún un.

Gbọ́ àwọn àgbà. Ignaz Friedman, ọmọ Pólándì, gba díẹ̀ nínú àwọn mazurka sílẹ̀ ní nǹkan bí 1930. Àwọn kan ní ó ti ṣe é jù, èmi sì ní òun ló jẹ́ kí ètí rẹ gbọ́ ẹsẹ̀ oníjó ketekete. Arthur Rubinstein gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láyé rẹ̀, tirẹ̀ rọlẹ̀ ju ti Friedman lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Pólándì kò lè mọ̀ ọ́n tẹ̀, dárúkọ Fou Ts'ong fún un. Ọmọ Ṣáínà ni, Shanghai ni wọ́n bí i sí, òun ló sì gba ẹ̀bùn mazurka tó dára jù lọ níbi ìdíje Chopin ní Warsaw ní 1955. Kí o tó gbọ́ gbogbo wọn pàápàá, wá oberek tí àwọn arúgbó olófáyólíìnì abúlé Pólándì lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń fi èyí síwájú, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ dùùrù nìkan á máa fara wé dùùrù ni.

Ní ti èyí tó kàn, Op. 68 nọ́ńbà 3 ni kí o gbé, torí apá àárín rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyẹn bá ti jókòó, Op. 67 nọ́ńbà 2 tó wà ní G minor kò ní bà ọ́ lẹ́rù, lẹ́yìn rẹ̀ ni Op. 24 nọ́ńbà 1. Mo mọ̀ pé Op. 17 nọ́ńbà 4 máa wù ọ́, gbogbo èèyàn ló máa ń wù. Nóòtì rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù tó fi bẹ̀rẹ̀ kò sọ kíì tó wà, bákan náà ló sì ṣe parí láìdélé, ó sì falẹ̀ débi pé gbogbo ìlù tí kò bá tíì wọ̀ ọ́ lára ló máa hàn. Fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Op. 50 nọ́ńbà 3 àti Op. 56 nọ́ńbà 3 gùn, ohùn wọn sì ń lé ara wọn bíi ti Bach. Ìyẹn di ìgbà tí o bá ti tẹ fúùgù mélòó kan dáadáa. Bí ìdánwò bá sì wà níwájú rẹ, wo ìwé ìlànà ọdún náà pẹ̀lú olùkọ́ rẹ kí o tó yan èyíkéyìí, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ àwọn orin inú rẹ̀.